Ẹni Tó Máa Yàwòrán Ilé

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé gbígbé, tí gbogbo wa ń pè ní iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe ń dé ìdí iṣẹ́ náà, àti ibi tí ẹni tó ń ṣe é ti ń rí ọgbọ́n tó fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Bí a bá ń gba Táíwò Road kọjá ní Ìlọrin, ìsàlẹ̀ ni ojú wa máa ń wà, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọjà wà. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, ibẹ̀ ni a ti ń ná ọjà, ibẹ̀ ni ọ̀kadà ti ń fọn fèrè. Ẹ gbójú sókè díẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ó rí fèrèsé, ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n sá sí fẹ̀ràńdà, ẹ ó rí ọmọ tó ń yọjú wo ọkọ̀. Ènìyàn ń gbé lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n ń se ọbẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ níbẹ̀, àwọn àgbà ń sinmi níbẹ̀. Nínú irú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi ń tajà nísàlẹ̀, àwa ń gbé lókè.

Ìwọ̀-oòrùn ni yàrá wa kọjú sí, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní. Bí ó bá ti di àsìkò ìrun Àlàásárì, oòrùn á gba fèrèsé yẹn wọlé, á rìn kọjá lórí ibùsùn, á sì gun ògiri tó wà lódìkejì. Nígbà tí a bá fi máa kí ìrun Ìṣáì tán, ògiri náà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, orí ẹní ní fẹ̀ràńdà ni gbogbo wa ń sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ kí àwọn ẹbí bàbá mi ní agboolé wọn ní Òkèlélé, ní Ìlọrin níbí, nínú ooru kan náà, nínú oṣù kan náà, inú yàrá tutù. Ilé alámọ̀ ni. Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ilé yín fi tutù ju tiwa lọ?" Wọn ò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ojú fèrèsé. Orí ìka mi wà ní ìta, ìgúnpá mi wà nínú yàrá. Bí ògiri náà ṣe nípọn tó nìyẹn. Wọ́n wá ní, "Kí oòrùn tó gba inú eléyìí kọjá, ilẹ̀ á ti ṣú."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kí n tó mọ orúkọ tí iṣẹ́ náà ń jẹ́. Ohun tí mo sì fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé ọ̀nà tó wọ inú iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo bí ènìyàn ṣe ń gbé inú ilé, kò lè ya ilé tó máa gbé ènìyàn.

Ẹ wo Francis Kéré, ọmọ ilẹ̀ Burkina Faso. Ọdún 1965 ni wọ́n bí i ní abúlé Gando. Bàbá rẹ̀ ni olórí abúlé náà, òun sì ni ọmọ àkọ́kọ́ ní abúlé náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Kíláàsì tó ti kẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́, ó ṣókùnkùn, ó sì gbóná. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́. Ní ọdún 1985, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Jámánì lórí iṣẹ́ káfíńtà yẹn. Ilé-ìwé alẹ́ ló ti parí ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Berlin láti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà. Kò tíì gboyè tó ti ń kó owó jọ láti kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún abúlé rẹ̀. Ní 2001, ilé-ìwé náà parí.

Ohun tó ṣe sí òrùlé ilé-ìwé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá lọ. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ló fi mọ ògiri. Bíríkì kan náà ló fi ṣe àjà, ó sì fi àlàfo sáàárín wọn kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Páánù ló fi bo orí rẹ̀, páánù tí gbogbo wa ń kàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí páánù náà jókòó lé àjà. Ó fi irin gbé e sókè, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín àjà àti páánù kọjá. Bí oòrùn bá pa páánù, afẹ́fẹ́ á gbé ooru náà lọ kí ó tó sọ̀ sórí àwọn ọmọ tó ń kàwé. Àwọn ará abúlé ló bá a kọ́ ọ, tọkùnrin tobìnrin. Ilé-ìwé kékeré yẹn gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004. Ní 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó ga jù nínú iṣẹ́ wa, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ọmọdé tó jókòó nínú kíláàsì tó gbóná ló dàgbà, tó wá mú ooru kúrò nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Demas Nwoko, ọmọ ọba Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta, tí wọ́n bí ní 1935, kò gba oyè kankan nínú iṣẹ́ ilé yíyà. Ààfin bàbá rẹ̀ àti àwọn ilé tó ń wò ní ìlú rẹ̀ ló kọ́kọ́ là á lójú. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Sáríà, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìlà fífà ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun ju kí òun dá nǹkan rò lọ, ó bá yà sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí Paris, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìtàgé. Nígbà tó dé yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó wà lára àwọn tó kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé, òun náà ló sì ṣe ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé jáde. Ẹni tó bá ti ṣètò ìtàgé, ó ti mọ ibi tó yẹ kí ènìyàn gbà wọlé, ibi tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí, àti ibi tó yẹ kí ojú àlejò dé mọ. Nígbà tí àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn wá ní kí ó kọ́ ilé fún àwọn, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Yẹ̀pẹ̀ pupa ilẹ̀ wa ló pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Nínú àwọn ilé gbígbé tó yà, ó máa ń dá ojú òfuurufú sí àárín ilé kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wa ti ń dá àgbàlá sí. Ní 2023, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé yíyà tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Venice ní Ítálì, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún gbogbo iṣẹ́ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Ti Isaac Fọlá-Aládé yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì yìí. Ọmọ Aramọkọ-Èkìtì ni, ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Òun kọ́ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì gan-an ní Sáríà, ó sì ṣiṣẹ́ títí dé ipò gíga lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ 1004 ní Victoria Island l'Ékòó. Òun ló ya ibẹ̀. Iye fúláàtì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè tiẹ̀ kì í ṣe ti abúlé tàbí ti àgbàlá. Ìbéèrè tiẹ̀ ni bí ẹgbẹ̀rún ìdílé ó ṣe máa gbé orí ilẹ̀ kan náà, lórí ara wọn, tí oníkálukú á sì rí ilẹ̀kùn tirẹ̀ tì. Ìlú ńlá ló bi í ní ìbéèrè yẹn, ó sì dá a lóhùn.

Káfíńtà ni ẹnì kìíní, oníṣẹ́ ọnà ni ẹnì kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba ilé-ìwé kọjá tààrà ni ẹnì kẹta. Oníkálukú wọn ló ní ohun tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí nípa bí ènìyàn ṣe ń gbé.

Ní báyìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ náà wù, ẹ jẹ́ ká sọ ti ilé-ìwé. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà ní 1952, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sáríà ní 1955. Lónìí, ẹ ò ní láti jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì Ìlọrin, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Kwara Poly. Ìṣirò àti físíìsì ṣe pàtàkì nínú ìdánwò WAEC yín. Ẹni tó bá gba yunifásítì, ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì ni ti oyè kejì. Lẹ́yìn náà, ó máa lo nǹkan bí ọdún méjì lábẹ́ àgbà nínú iṣẹ́, kí ó tó ṣe ìdánwò tó máa sọ ọ́ di ẹni tí ìgbìmọ̀ ARCON kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ọdún 1969 ló dá ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, NIA, ti wà láti oṣù Igbe ọdún 1960, kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira pàápàá. Ọ̀nà náà gùn. Mi ò ní tàn yín jẹ. Ẹ ó ṣàìsùn, ẹ ó ya àwòrán tí olùkọ́ á ní kí ẹ tún yà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún yẹn ní ìdí tiẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ya ilé, ẹ̀mí ènìyàn ló gbé sọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ẹ ti ń rí àwọn àrà tí ẹ ń dá sí ilé?" Ìdáhùn mi ò jìnnà. Agboolé Ìlọrin ni ìwé tí mo ń kà jù.

Ẹ wo bí agboolé wa ṣe rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ bá. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá ń jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kéwú ti ń gbé wàláà sórí itan. Àlejò lè jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ó jẹun, kí ó kírun, kí ó má sì rí ohun tó ń lọ nínú àgbàlá. Àgbàlá jẹ́ ti àwọn ìyá àti àwọn ọmọ. Wọ́n lè ṣí orí, wọ́n lè wẹ ọmọ, wọ́n lè gún iyán, láìsí pé ojú òde tẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà tó lọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí àgbàlá kì í ṣe tààrà, ó máa ń yà díẹ̀. Yíyà díẹ̀ yẹn ló ń pa àṣírí ilé mọ́. Lónìí, nígbà tí mo bá ń ya fúláàtì oníyàrá mẹ́ta fún ìdílé Mùsùlùmí ní Ìlọrin, mi ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn àbáwọlé kọjú sí ọ̀nà yàrá. Mo máa ń dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, mo sì máa ń jẹ́ kí ọ̀nà yà kí ó tó wọ inú ilé. Ìyàwó ilé lè gba ilé ìdáná bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láìgba pálọ̀ tí àlejò jókòó sí. Agboolé ló kọ́ mi.

Bí mo bá lọ sí Òkèlélé, mo máa ń yà lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò. Ìkòkò amọ̀ ń mú omi tutù nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara rẹ̀ yọ, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́ lọ. Mo ń ronú nípa ìyẹn nígbà tí mo bá fẹ́ pinnu ibi tí bulọ́ọ̀kù olójú máa wà lára ògiri, kí ilé lè mí. Mo tún máa ń wo òpó àti ilẹ̀kùn tí àwọn àgbà agbẹ́gilére ìpínlẹ̀ wa gbẹ́, Àrèógun ará Òsì àti Bámigbóyè ará Odò-Ọ̀wá. Òpó tí wọ́n gbẹ́ ń gbé òrùlé dúró, ó tún ń sọ ìtàn onílé. Wọn ò kọ́kọ́ kọ́ ilé tán kí wọ́n tó wá ẹwà lẹ́ mọ́ ọn. Ara ohun tó gbé ilé dúró ni ẹwà ti jáde.

Olùkọ́ mìíràn ni àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó. Wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tó dára bọ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ilé. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Fẹ̀ràńdà tó yọ síta lókè, ojú fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ, òdòdó sìmẹ́ńtì lára ògiri, gbogbo rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ilojo Bar ní Tinúbú l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ìjọba ti sọ ọ́ di ilé ìrántí ní 1956. Síbẹ̀, ní 2016, wọ́n wó o. Ó dùn mí wọra. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlòkù. Ìwé ẹ̀kọ́ ni fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ilé àtijọ́ ní agboolé yín, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó pe àwọn tó ń wólé, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó máa wọ̀n ọ́n, tó máa yà á sórí ìwé.

Ó wá ku bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Onílé á wá, á mú fóònù jáde, á ní, "Ilé tí mo fẹ́ nìyí." Ilé Dubai ni, tàbí ilé Lekki. Mi kì í bá a jà. Ìbéèrè ni mo máa ń bi í. Ìdílé mélòó ló máa gbé ibẹ̀? Ṣé ìyá yín máa bá yín gbé, ṣé orúnkún wọn ṣì lè gun àtẹ̀gùn? Níbo ni ẹ ó ti máa ṣe àlùwàlá? Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ibo ni ìkòkò ńlá máa wà? Níbo ni ẹ ó so àgbò Iléyá mọ́? Ibo ni jẹnẹrétọ̀ máa wà tí kò ní dí aládùúgbò lọ́wọ́ oorun? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé kí a gbé fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà, mo máa lọ síbi ilẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Mo máa ń wò ó bí oòrùn ṣe ń yọ àti bí ó ṣe ń wọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbà, mo máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé ńlá wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ilé ìwẹ̀, àtẹ̀gùn tàbí yàrá ẹrù ni mo máa ń fi sí i, nítorí pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ nísàlẹ̀, òrùlé tó yọ síta ò lè dá a dúró. Yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fèrèsé lọ́nà méjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí afẹ́fẹ́ tó wọlé rí ibi jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo kò lè mú afẹ́fẹ́ rìn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í fi owó kún ilé. Orí ìwé ni a ti ń ṣe wọ́n, kí bíríkìlà tó gbé ṣíbí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe wọ́n lórí ìwé, owó iná àti owó ẹ̀rọ amúlétutù ni a ó máa fi san án títí ayé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba pláànù ọ̀rẹ́ yín lò. Ilé tó dára lórí ilẹ̀ tiẹ̀ lè burú lórí ilẹ̀ tiyín, nítorí ibi tí ojú ilẹ̀ yín kọ sí yàtọ̀, ìdílé yín sì yàtọ̀. Ẹ wá àkítẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wà ní ARCON, kí ẹ wá a kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìṣètò ìlú.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fi pẹ́ńsùlù ya ilé sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ ra téèpù fún un, kí ó wọn yàrá tó ń sùn, kí ó yà á, kí ó kọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé sí i. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀lé bíríkìlà àti káfíńtà lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà ìsinmi, lóbìnrin lọ́kùnrin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní Táíwò Road, ní Òkèlélé, ní Tánkẹ̀, ẹ bi ilé tí ẹ ń gbé ní ìbéèrè. Bí ó bá gbóná, ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí ó bá ṣókùnkùn, ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí ó bá tù yín lára, ẹ wá ìdí ìyẹn náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlọrin ń fẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ilé ni a ṣì máa kọ́, a sì nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé láti yà wọ́n.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a kọ́lé, kí ó sì jẹ́ kí ilé náà gbé wa.